Bàtà Tí Mo Fi Wọ Oko Màmá

Ọjọ́ Ajé: Ìlọrin sí Ẹ̀gbẹ̀

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la kúrò ní Ìlọrin, nítorí Ọ̀gá ti sọ pé bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, òun ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ṣì wà lójú títì láàárín Erúku sí Ìsánlú. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀: Ọ̀gá, tó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ wa nípa koríko oko, èmi, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò, àti Bọ̀dá awakọ̀, tí kò gbà pé iṣẹ́ gidi ni tiwa.

"Koríko tí bàbá mi ń fi ọkọ́ lé kiri kó lè kú, ẹ̀yin ń gbowó kà á," ló wí kí a tó dé Òmù-Àrán.

Iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ: ká máa wọ oko láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ká gbé férémù onígun mẹ́rin kalẹ̀, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ká ka koríko tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ká wo kòkòrò àti àrùn tó wà lára irúgbìn, ká wá bi olóko léèrè bó ṣe ń bá wọn jà. Páìpù omi ni mo fi kan férémù náà. Ó ti kán lẹ́ẹ̀mejì, okùn ni mo fi so ó.

Oòrùn ti mú nígbà tí a dé Ẹ̀gbẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni, iṣu ti ń wọlé. Bàbá kan tó jẹ́ ojúlùmọ̀ Ọ̀gá ti ń dúró dè wá lẹ́nu abà rẹ̀. Ó ti pín iṣu sí òkìtì méjì, èyí tó máa tà àti èyí tó máa fi ṣe èbù. Èyí tó ń lọ sọ́jà gún, ó dán; èyí tó ń dúró sílé ló kéré, ló wọ́, ló sán lára.

Ọ̀gá mú ọ̀kan nínú èyí tó sán, ó ní kí Bàbá bá òun bẹ ẹ́. Bí ọ̀bẹ ṣe ká eèpo kúrò, kì í ṣe funfun ló yọ. Abẹ́ eèpo pọ́n níbì kan, ó dúdú bí èédú níbòmíràn, bí ẹni pé wọ́n fi iná rà á lára. Ìlà dúdú yìí yí iṣu náà ká, kò jìn ju ìdajì ìka lọ. Inú lọ́hùn-ún ṣì funfun.

"Ilẹ̀ ló ti gbó," Bàbá wí.

Ọ̀gá ní ilẹ̀ nìkan kọ́. Aràn tín-ín-rín kan ló ń ṣe é, nẹ́mátóòdù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Scutellonema bradys ni orúkọ èyí nínú ìwé. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ti ń wọ iṣu. Tí a bá wa iṣu, tí a kó o sí abà, kò ní dúró. Á máa jẹun lọ, á máa bí sí i. Tí a bá gé èbù lára irú iṣu bẹ́ẹ̀, òun náà la tún fọwọ́ ara wa rì sínú ebè lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá wo òkìtì kan, ó wo ìkejì. "Ṣé èmi ni mo wá ń gbìn ín?"

Ọ̀gá kò dá a lóhùn tààrà. Ó ṣàlàyé omi gbígbóná fún un: pé tí a bá rì èbù sínú omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 50 sí 53 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, fún bí ogún sí ogójì ìṣẹ́jú, aràn á kú, iṣu á sì hù. Mo ń wo ojú ìyàwó Bàbá, mo sì mọ̀ pé igi ìdáná ló ń ṣírò. Tí omi bá fi díẹ̀ gbóná jù, èbù ti di iṣu sísè; tí kò bá gbóná tó, ẹ ti fún aràn ní omi ìwẹ̀. Ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru omi nínú abà? Ìwádìí náà kò parọ́, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí àgbẹ̀ kan tó sè omi fún ẹgbẹ̀rún èbù. Ohun tó wọ̀ mí lára ni èyí tí Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí a ń dìde: pé lọ́dún yìí òun á kọ́kọ́ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú iṣu tó dán fún èbù, kí òun tó ránṣẹ́ pe oníbàárà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àfi tí owó ilé-ìwé kò bá tètè dé."

A dé Ìsánlú kí aago mẹ́rin tó lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìsánlú

Lọ́nà oko níbí, ẹni tó bá pàdé ẹni á ní "Òkun o", ẹni tí wọ́n kí náà á dáhùn "Òkun". Ìkíni yìí ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Gbẹ̀dẹ̀, Bùnú, Ọwọ́rọ̀. Gbẹ̀dẹ̀ ni èmi. Ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń kí ènìyàn pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́" ti Ìlọrin, nígbà tí ẹnu mi tún sọ "Òkun" lówùúrọ̀ yìí, àyà mi fúyẹ́.

Láti òkèèrè, oko tí wọ́n mú wa lọ dára lójú. Àfi bí ẹni tẹ́ aṣọ elésè àlùkò sáàárín àgbàdo. Nígbà tí a súnmọ́ ọn ni mo rí i pé àgbàdo náà kò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ti gbẹ létí bí èyí tí iná yà lára, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀, ilẹ̀ tutù. Olóko, bàbá àgbàlagbà kan, dúró sẹ́yìn wa, kò sọ nǹkan kan. Àwòrán koríko yìí ni mo ti ń rí nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́. Striga hermonthica. Bàbá kò pè é ní orúkọ kankan. "Òdòdó yẹn" ló ń pè é, bí ẹni ń pe orogún.

Mo gbé férémù kalẹ̀. Mo kà á dé mọ́kànlélógójì kí Bàbá tó ní, "Ó tó, ọmọ mi."

Ọ̀gá ní kí n wú ìdí àgbàdo kan jẹ́jẹ́, kí n má fà á. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, mo fi omi inú ike mi fọ gbòǹgbò rẹ̀. Àwa méjèèjì, èmi àti àbúrò, la jọ tẹ orí bá a. Gbòǹgbò àgbàdo pọ́n díẹ̀, ti òdòdó funfun báláú, ó ń yọ omi. Ibi tí wọ́n ti pàdé wú bí oríkèé ọmọ ọwọ́. Ìyẹn ni ẹnu rẹ̀. Kì í jẹ oúnjẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ara àgbàdo ló ti ń fà á, omi àti oúnjẹ. Lára gbòǹgbò kan ṣoṣo náà ni a tún rí àwọn mìíràn tí wọn ò tíì rí oòrùn rárá, wọ́n funfun bí ìdin, wọ́n ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti ń mu. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí i bá jà nìyí. Kí òdòdó tó yọrí, ó ti jẹ àgbàdo tán.

Bàbá ní òun máa ń fà á tu. Nígbà wo? Tó bá ti yọ òdòdó, kí òun lè rí i dáadáa. Níbo lẹ ń kó o sí? Ó nawọ́ sí etí oko. Òkìtì gbígbẹ wà níbẹ̀, ewúrẹ́ méjì sì ń tú u.

Ọ̀gá jókòó sórí gbòǹgbò igi kí ó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ìdí òdòdó kan ṣoṣo lè so èso tó lé ní 50,000. Èso náà dà bí eruku, kò tó ìdajì mìlímítà, ó sì lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í hù lásán. Ó ń dúró de òórùn. Gbòǹgbò àgbàdo tàbí bàbà máa ń tú nǹkan kan sínú ilẹ̀, díẹ̀ báyìí. Tí èso bá gbóòórùn rẹ̀ nítòsí, ó jí, ó nawọ́ sí i. Ní ọdún 1966 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yọ irú nǹkan yìí sọ́tọ̀, strigol ni wọ́n pè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: ara gbòǹgbò òwú ni wọ́n ti rí i. Bẹ́ẹ̀, òdòdó yìí kò lè mọ́ òwú lára. Òwú kàn ń tàn án jáde ni. Ó jí, ó wá oúnjẹ, kò rí, ó kú. Àwọn ẹ̀yà sóyà kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀wà kan náà sì wà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi sóyà tàn án," Ọ̀gá wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má gbin àgbàdo síbí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, àti àwọn onímọ̀ ní Zaria ti ní àgbàdo tó ń fara da òdòdó yìí, ká wá irú rẹ̀. Kí ẹ sì fi ajílẹ̀ sí i, ilẹ̀ tó ti ṣá ni òdòdó yìí fẹ́ràn. Èyí tó bá yọ, ẹ fà á kó tó tanná, kí ẹ sun ún."

"Ọdún méjì láìjẹ àgbàdo ilé mi," Bàbá wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n pe irú Bàbá yìí ní alágídí nínú ìpàdé wa. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá bá a jẹun oṣù Karùn-ún kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní ká wá wo oko màmá kan ní ìsọdá odò kékeré, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Àgbàdo rẹ̀ ga ju mi lọ, ẹ̀gúsí bo ilẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo ju férémù lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo rí yúnyún, mo rí imí-eṣú, mo rí àdímẹ́rú. Òdòdó kò sí. Màmá ní òun kì í ra irúgbìn àgbàdo lọ́jà, òun ń ṣà á fúnra òun lára orí tó dára jù, òun sì ń so ó sókè ilé ìdáná kí èéfín lè máa fẹ́ ẹ. Mo wọ inú oko náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìpẹ̀kun, mo fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí mo ń ya fọ́tò. Inú mi dùn gan-an. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: oko tó mọ́ jù lọ tí a rí.

Ọjọ́rú: Mọ̀pà

Òjò. A kò wọ oko kankan. A jókòó sí ìta ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, òórùn rẹ̀ ń fọ́ mi lórí.

Ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní òun fẹ́ "èyí tó ń jó koríko lójú ẹsẹ̀". Olùtajà bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ tábìlì, ó mú ìgò kan tí òjò ti fọ ìwé ara rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wò mí, mo wò ó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024 ni NAFDAC ti fòfin de paraquat, irú oògùn tó ń jó koríko bẹ́ẹ̀. Chlorpyrifos, oògùn kòkòrò, tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, atrazine, oògùn koríko mìíràn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀: ẹni tó bá gbé e mì, ilé ìwòsàn kò ní oògùn tí wọ́n fi lè pa á lára rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò ọmọkùnrin yẹn, èmi ò mọ̀, nítorí kò sí ìwé lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá bi í bó bá ní ìbọ̀wọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa, ó rẹ́rìn-ín, "Èyí ni." Kí ló fi ń wọn oògùn? Ìdérí ìgò. Mélòó? "Títí omi á fi yí àwọ̀."

Koríko ẹ̀kan ló ń bá jà. Mo mọ ẹ̀kan dáadáa. Ó ti gún mi lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Ẹnu rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó lè gún iṣu já sí ìhà kejì, mo ti rí iṣu bẹ́ẹ̀ nínú abẹ́ ọ̀bẹ ìyá mi. Oògùn tó ń jó ewé lójú ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ti dúró. Ìwádìí IITA ti fi hàn pé tí a bá gbin Mucuna bò ó, òjìji rẹ̀ á fún un lọ́rùn. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà.

"Mùkúnà wo?"

Mo ní ó jọ wèrèpè, ṣùgbọ́n irú èyí kì í yún ni.

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbin wèrèpè sínú oko bàbá mi?" Ó gbé ìgò rẹ̀, ó lọ. Bọ̀dá awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí òjò fi dá.

Ọjọ́bọ̀: Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ilé wa. Bàbá mi ti gún iyán sílẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló gún un.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí oko ẹ̀gẹ́ ṣe ń ṣe. Bàbá ní kò burú, kò dà bí ayé Ṣàgárí. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ó ká ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún jọ, ó di í ní ìkúùkù. Bí orí ẹ̀gẹ́ ṣe rí nìyẹn, ewé ká jọ, nǹkan funfun bí èlùbọ́ wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ta, ewé kò sí, igi tí wọn ó gbìn gan-an di ohun tí wọ́n ń tọrọ. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó kàn lọ. Wọ́n ti gbààwẹ̀ lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀gá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, èmi náà sì jókòó gbọ́ ọ bí ìtàn alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí. Láti gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ni kòkòrò funfun náà ti tẹ̀ lé igi ẹ̀gẹ́ wọ Áfíríkà. Apá Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá, òun nìkan ló sọdá. Hans Herren, ará Switzerland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn, ló darí iṣẹ́ wíwá ọ̀tá náà. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n kékeré kan tí kò tóbi ju eèrà lọ, Anagyrus lopezi. Ó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò náà, ọmọ á pa á láti inú. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń já a sílẹ̀ káàkiri. Wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Bàbá ronú sí i. "Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run gbọ́. Ó kàn gba ibẹ̀ yẹn ni. Kí lẹ pe ìlú náà?"

"Paraguay."

"Ó gba Paraguay."

Ọ̀gá kò bá a jiyàn, èmi náà kò sì rí ìdí tí mo fi máa bá a jiyàn.

Nígbà tí a dé oko rẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ tó wà lápá kan ti lọ́, àwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú pín ara rẹ̀ lórí ewé kan náà. Mòséìkì ni. Eṣinṣin funfun kékeré kan máa ń gbé àrùn yìí láti ara ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Mo bi Bàbá níbi tó ti rí igi tó gbìn. Aládùúgbò ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́, odidi ìdì mẹ́ta. Mo ní àrùn ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn. Ó ní kí n má ba òun àti ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Àbúrò ló ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí. Létí odò, Bàbá ti gbin àgbàdo kékeré kan tó fẹ́ fi omi odò tọ́ wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ lu ihò bí asẹ́, ìgbẹ́ bí ìyẹ̀ igi kún ọkàn rẹ̀. Àbúrò fa ọkàn kan ya, ó fi ìka kó ìdin jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Lójú orí rẹ̀ ni àmì funfun kan wà bí lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ní ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin ní igun mẹ́rin, bí ojú ayò. Fall armyworm. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Bàbá ní eérú àti yanrìn ni òun ń dà sí ọkàn àgbàdo. Mo rò pé àbúrò máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ó dára: yanrìn ń ha ìdin lára nínú ọkàn àgbàdo níbi tó sá pamọ́ sí, oògùn ìfọ́n kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa. Tí oko kò bá tóbi, kí Bàbá máa ṣe é, kí ó sì máa fọ́ ẹyin tó bá rí lára ewé. Inú Bàbá dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì, èmi ò tíì sọ nǹkan kan fún un tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: Kàbà

Òkúta ńlá yí ìlú yìí ká. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ti wà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè yìí ni kò ṣàjèjì síbẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá oko tirẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ló gbà wá lálejò.

Lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, ó gbé báàsì omi ọṣẹ kan kalẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ bàtà yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín tí ẹ ká sókè pẹ̀lú, kí ẹ gbọn ọ́n."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fọ tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èmi dúró. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ni mo fi kúnlẹ̀, ni mo fi rìn, ni mo fi tẹ òdòdó gbígbẹ mọ́lẹ̀ nínú oko Bàbá ní Ìsánlú. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàtà kan náà ni mo fi wọ oko Màmá. Ẹrẹ̀ ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí tó gbẹ, ó ti ṣí nù níbi púpọ̀. Mo tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Eruku àti ìpẹ́pẹ́ ewé bọ́ sílẹ̀. Mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìwé funfun, mo fi awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Láàárín yanrìn, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n, ara wọn ní ìlà bí ara èso dátì. Mo ka méjìdínlógún, mo dá kíkà dúró.

Ọ̀gá ní, "Èmi náà ni. Èmi ló yẹ kí n rántí." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ náà mú wa yí oko ká. Ó gbin ẹ̀wà SAMPEA 20-T, èyí tí wọ́n ṣe ní Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2019: wọ́n ti fi èròjà kan láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ sí i, ìdin Maruca tó ń lu pódò ẹ̀wà kò lè jẹ ẹ́ kó yè. Ó ní ìdin náà kò yọ òun lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún àgbẹ̀ pé òun ò ní fọ́n oògùn rárá, nítorí àwọn kòkòrò mìíràn ṣì wà tí kò kan.

Káṣú rẹ̀ ló ní ìtàn. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ka káṣú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ojú ibi tó ti kán yí ká gbún-ún, ó dán bí èyí tí àdá gé. Ó fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò kan tí wọ́n ti ń jà lórí ààlà. Ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ ṣọ́ oko, ó gbọ́ "kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́" lókè orí rẹ̀. Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kan, ìwo rẹ̀ gùn, ìlà pupa wà lára rẹ̀, ó ń yí ẹ̀ka ká, ó ń gé e lọ. Analeptes trifasciata. Ó ń gé ẹ̀ka kó lè gbẹ, kó wá yé ẹyin sínú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba oògùn: ṣa gbogbo ẹ̀ka tó kán, má fi sílẹ̀ lábẹ́ igi, sun ún, ọmọ inú rẹ̀ á jóná. Ó fi ewúrẹ́ kan bẹ aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀ka ní báyìí, nítorí tí ẹnì kan bá ṣa tirẹ̀, tí ẹnì kejì kò ṣa, asán ni.

Mo gbọ́ ìtàn yìí, mo sì ń ronú ewúrẹ́ tí èmi ó fi bẹ Màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Kàbà sí Ìlọrin

Mo ra módù sóyà méjì lọ́jà Kàbà. Bọ̀dá awakọ̀ ní ṣé wàrà la fẹ́ fi ṣe ni. Mo sọ fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kò dá àpárá.

Aago mọ́kànlá la dé Ìsánlú. Màmá wà lóko, ó ń ka ẹ̀gúsí jọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ìdí àgbàdo Bàbá dé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Mo ní ó lè má hù, ó sì lè hù lọ́dún márùn-ún òní. Mo ní ẹ má bínú, Màmá.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wò mí lẹ́sẹ̀. "Ṣé bàtà náà nìyí?"

"Rárá, Màmá. Mo ti fi ti ọjọ́ náà sínú ọ̀rá, mo ti so ó lẹ́nu. Mo ti fọ èyí."

"Tún un fọ̀."

Ó bu omi fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi fọ̀ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ̀ lé òun, kí n fi ibi tí mo gbà hàn án, kì í ṣe ibi tí mo rò, ibi tí mo gbà gan-an. Mo ṣí fọ́tò inú fóònù mi, mo ń fi wọ́n wá ọ̀nà láti ìdí àgbàdo kan sí òmíràn. Màmá tú gèlè orí rẹ̀, aṣọ àtijọ́ ni, ó fi eyín ya á ní pẹ́lẹ́bẹ́, ó ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igi àgbàdo níbi tí mo bá ti ní "ibí yìí, Màmá".

"Ìlà mélòó?"

"Méje."

Ó kà á fúnra rẹ̀. Mẹ́jọ ni. Mo ti gbàgbé ibi tí mo ti fi ẹ̀yìn rìn.

Ó so ìkẹjọ, ó gba sóyà lọ́wọ́ mi, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fi eyín fọ́ ọ wò bó bá gbẹ. Ó ní kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí òjò bá ti wọlé dáadáa, kí n wá fọwọ́ ara mi gbìn ín sí ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí n mú ọkọ́ tèmi lọ́wọ́, òun kì í yá ènìyàn ní ọkọ́.